Ẹ̀rọ Alẹ̀gi Nínú Gáréèjì: Kí Ìkánjú Má Ba Iṣẹ́ àti Ilé Jẹ́

 

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni a sábà máa ń sọ ní ojú ìwé yìí: àríyànjiyàn tọkọtaya, ìtọ́jú òbí tí ó ti dàgbà, ìwà ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹ̀rọ káfíńtà ni mo gbé wá lóṣù yìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lẹ́nu iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹbí tí mò ń ṣe ní Houston níbí, láti Alief títí dé Missouri City àti Richmond, kò ṣọ̀wọ́n kí n dé ilé kan kí n bá ẹni tí ń fi gáréèjì ṣe ṣọ́ọ̀bù igi. Ẹlòmíràn ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà yanjú ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta kí ó tó rí ìwé ìrìnnà gbà. Ní ọ̀sán, ó ń wakọ̀ tàbí ó ń tọ́jú arúgbó. Ní alẹ́, ó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń tún ìjókòó ìjọ ṣe. Owó bẹ́ẹ̀ ni a fi ń san owó ilé-ìwé, òun náà ni a fi ń ránṣẹ́ sílé. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ tuntun bá wọ gáréèjì, ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá nìkan.

Ẹ̀rọ tí mo ń wí ni èyí tí àwọn olùtajà ń pè ní wood welder. Bí ẹ bá gbọ́ wẹ́dà, ẹ má ṣe rò pé irú ti àwọn tí ń jó irin mọ́ irin ni. Èyí kì í yọ́ irin, kò sì gbọdọ̀ ta iná. Gọ́ọ̀mù tí ó wà láàrin pákó méjì ni ó ń mú gbóná títí tí yóò fi gbẹ. Ẹ̀rọ alẹ̀gi ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ wa lónìí. Iṣẹ́ tí kíláǹpù ń fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú tàbí odidi wákàtí ṣe, ẹ̀rọ yìí lè ṣe é láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ fara pamọ́ sí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Gọ́ọ̀mù nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń mú yá. Kì í mú kí ojú pákó tí kò bára mu bára mu, kì í sọ igi tí ó rin di igi tí ó yẹ fún iṣẹ́, kì í sì í dáàbò bo ènìyàn tí ó jókòó tì í. Ọwọ́ onílé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ wo máíkírówéfù tí ó wà ní ilé ìdáná yín. Bí ẹ bá gbé móínmóín sínú rẹ̀, omi inú móínmóín ni ẹ̀rọ náà ń bá ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí oúnjẹ fi ń gbóná ju abọ́ lọ. Ìbátan máíkírówéfù ni ẹ̀rọ alẹ̀gi. Ìgbì rédíò ni àwọn méjèèjì ń lò, àmọ́ ìyára wọn yàtọ̀. Máíkírówéfù ilé ń lo 2,450 MHz, èyí tí í ṣe pé agbára iná rẹ̀ ń yí síwá-sẹ́yìn ní ìgbà mílíọ̀nù 2,450 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti àwọn ẹ̀rọ tí ń mú gọ́ọ̀mù gbẹ kò yára tó bẹ́ẹ̀, 27.12 MHz wà lára àwọn òṣùwọ̀n tí a fi sílẹ̀ fún irú wọn.

Omi wà nínú gọ́ọ̀mù funfun tàbí òfeefèé tí káfíńtà ń lò. Ẹyọ omi kọ̀ọ̀kan ní orí àti ìdí bí òòfà. Bí agbára iná ti ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ omi wọ̀nyí ń gbìyànjú láti yí tẹ̀lé e, wọ́n ń fara gbo ara wọn, gọ́ọ̀mù a sì gbóná. Igi tí ó gbẹ kò ní omi púpọ̀ nínú, nítorí náà kì í gbóná bí gọ́ọ̀mù. Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ju èyí lọ.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré ní àpótí kan tí ń ṣe ìgbì náà, okùn wáyà nínípọn kan, àti ohun ìmúlọ́wọ́ kan tí ó dà bí ìbọn. Irin méjì wà ní ẹnu ìbọn yìí. A ó gbé ọ̀kan sí apá ọ̀tún ìlà gọ́ọ̀mù, a ó gbé èkejì sí apá òsì, a ó tẹ okùnfà, a ó ka ìṣẹ́jú àáyá, a ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Agbára tí ń jáde láti ẹnu ìbọn yìí kì í wọlé jìnnà, kì í sì í dé gbogbo ojú ìsopọ̀. Ibi tí a bá fi í kàn nìkan ni gọ́ọ̀mù ti ń gbẹ. Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ bá fi òwú díẹ̀ so aṣọ mọ́ra kí ó tó rán an. Ojú kọ̀ọ̀kan tí ó ti gbẹ yóò di igi mú bí kíláǹpù, ìyókù gọ́ọ̀mù yóò sì máa gbẹ fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ìjókòó tí a ṣe ní alẹ́ Sátidé lè dúró digbí lójú, kí ó má tíì lè gba ènìyàn ní òwúrọ̀ Sunday. Fún gọ́ọ̀mù funfun tàbí òfeefèé, ẹ jẹ́ kí wákàtí 24 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e. Bí ẹ bá ṣèlérí iṣẹ́ fún ìjọ tàbí fún oníbàárà, ẹ ka ọjọ́ yẹn mọ́ ọn.

IBI TÍ ỌGBỌ́N YÌÍ TI WÁ

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn bàbá wa kò lo ẹ̀rọ, iṣẹ́ wọn sì wà títí di òní. Òtítọ́ ni. Igi kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère ilẹ̀ Yorùbá ti jáde. Ẹni tí kò so igi pọ̀ kò wá gọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pákó tí a ń so pọ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Lára àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà sí Èkó ni àwọn ọ̀gá kọ́lékọ́lé àti káfíńtà ti wá. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bí pákó méjì yóò ṣe di ọ̀kan ti di ọ̀rọ̀ tiwa pẹ̀lú.

Àkókò Ogun Àgbáyé Kejì ni lílo ìgbì rédíò láti mú gọ́ọ̀mù gbẹ gbilẹ̀ ní ilé-iṣẹ́, nítorí pé a nílò ọkọ̀ òfúrufú kíákíá, irin sì wọ́n. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn ìgbà náà tí ó kan àwa tí ń gbé ní ibi ọ̀rinrin. Igi ni ilé-iṣẹ́ de Havilland ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ara ọkọ̀ Mosquito, èyí tí ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, 1940. Gọ́ọ̀mù tí a ti ara wàrà ṣe ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí gọ́ọ̀mù oníkẹ́míkà tí ó lè fara da ọ̀rinrin. Ní 1944, àwọn kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyí já nínú afẹ́fẹ́ ní ìhà India. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ ojú ìsopọ̀ tí kò fẹnu kò, àti ọ̀rọ̀ omi tí ó wọ inú igi ni ó jẹ yọ. Ohun mẹ́ta yìí kan náà ni ó ń tú ìjókòó nínú pálọ̀ wa.

GBÍGBÉ E KALẸ̀

Kí ẹ tó tú u nínú páálí, ẹ ka ìwé tí ó bá a wá. Bí ó bá jẹ́ àlòkù tí kò ní ìwé, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, kí ẹ má sì lò ó kí ìwé náà tó dé. Ẹ tún wo àwo kékeré tí ó wà lẹ́yìn àpótí, níbi tí wọ́n kọ fóòtì àti Hz sí.

Iná ilé wa níhìn-ín jẹ́ 120 fóòtì. Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ mìíràn kò bá a pín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé wa: fìrísà ńlá tí ẹran ewúrẹ́, ẹja àti ẹ̀fọ́ oṣù mẹ́ta kún inú rẹ̀, gáréèjì ni ó wà. Bí ẹ̀rọ alẹ̀gi bá bá fìrísà jẹun lójú wáyà kan náà, tí ìdènà iná sì já ní alẹ́ láìsí ẹni tí ó mọ̀, ìyá ilé ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ lọ́jọ́ kejì, ariwo rẹ̀ kò sì ní kéré. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ó wò ó bóyá wáyà náà tó.

Púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ yìí ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kẹta ni ó ń gbé iná tí ó bá ṣìnà wọlẹ̀ kí ó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe fi ohun aláfojúbọ̀ bọ̀ ọ́ kí ó lè wọ ihò méjì. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì gáréèjì tí ó ní bọ́tìnì méjì láàrin bá ń já ní gbogbo ìgbà, ìkìlọ̀ ni ó ń fún yín. Ẹ má ṣe wá ọ̀nà àbùjá yí i ká. Ẹ sì yàgò fún wáyà àfikún gígùn tí ó tín-ín-rín.

Orí tábìlì onígi ni kí iṣẹ́ ti wáyé, kì í ṣe orí tábìlì onírin. Ìṣó, ìdè irin, síkírúù tàbí ẹnu kíláǹpù irin tí ó bá wà nítòsí ẹnu ìbọn lè ta iná, ó sì lè jó igi dúdú. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ aago ọwọ́. Ẹ gbé kẹ̀ẹ̀gì epo, tínà, àti gọ́ọ̀mù tí ń rùn gan-an bí epo bẹntiróò jìnnà, nítorí èéfín wọn lè gbiná.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: òfin wà lórí ìgbì tí ẹ̀rọ yìí ń lò. Ní ìpàdé àgbáyé tí a ṣe ní Atlantic City ní 1947 ni wọ́n ti ya àwọn òṣùwọ̀n bíi 27.12 MHz sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ àti ti ìwòsàn, kí wọ́n má baà da rédíò láàmú. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FCC ni ó ń bójú tó òfin náà, ní Apá 18 nínú ìlànà rẹ̀. Páànù tí ó bo àpótí ẹ̀rọ ni kì í jẹ́ kí ìgbì náà tú káàkiri. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ooru ti ba ààbò ara rẹ̀ jẹ́, ó sì ti lè da rédíò àdúgbò rú.

IGI ÀTI GỌ́Ọ̀MÙ

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igi ti ìjọba Amẹ́ríkà, Forest Products Laboratory, wà ní Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin láti 1910. Nínú ìwé ńlá wọn tí wọ́n ń pè ní Wood Handbook, wọ́n kọ ìwọ̀n omi tí ó yẹ kí ó wà nínú igi tí a óò lò nínú ilé. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Amẹ́ríkà, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Fún aṣálẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìdá 6 ni. Fún etí òkun gúúsù níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pàdé, ìdá 11 ni. Etí òkun náà ni Houston wà. Ìyẹn ni pé igi wa níhìn-ín fẹ́rẹ̀ẹ́ ní omi ìlọ́po méjì ti igi Arizona, kí a tó sọ̀rọ̀ gáréèjì tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú oṣù kẹjọ.

Kí ni èyí já sí? Bí igi bá rin jù, ìgbì náà kò ní mọ èwo ni gọ́ọ̀mù, èwo ni igi. Gbogbo rẹ̀ ni yóò gbóná pọ̀. Omi yóò di èéfín, èéfín yóò ti gọ́ọ̀mù jáde, ìsopọ̀ yóò sì ní ihò nínú. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn omi inú igi, kò wọ́n. Ẹ gbé pákó sínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń tún ohun-èlò tí omi bò nígbà ìjì Harvey ní oṣù kẹjọ 2017 ṣe mọ ohun tí mo ń sọ: igi tí ojú rẹ̀ gbẹ lè rin nínú fún ìgbà pípẹ́.

Ní ti gọ́ọ̀mù, irú èyí tí omi wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí fẹ́, irú èyí tí àwọn káfíńtà ilé wa mọ̀ sí Top Bond. Ẹ fi í tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì kárí. Èyí tí ó bá ṣàn jáde, ẹ nù ún nù kí ẹ tó gbé ìbọn sí i, nítorí gọ́ọ̀mù tútù máa ń gbé iná kọjá láti irin kan sí èkejì. Ibẹ̀ ni iná ti ń ta.

Ẹ kọ́kọ́ fi àjákù pákó kan náà dán an wò. Ẹ di iṣẹ́ mú ṣinṣin, ẹ tẹ okùnfà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tí ìwé sọ, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún di iṣẹ́ mú fún ìgbà díẹ̀ sí i. Gọ́ọ̀mù funfun máa ń rọ̀ nígbà tí ó bá gbóná. Bí ó ti ń tutù ni ó ń le. Ẹ fọ́ àjákù náà. Bí igi bá ya tí gọ́ọ̀mù kò jọ̀wọ́, iṣẹ́ dára. Bí gọ́ọ̀mù bá jọ̀wọ́, ẹ wádìí kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà.

ÌTỌ́JÚ

Ìtọ́jú ẹ̀rọ yìí kò le, àìgbàgbé ni ó fẹ́. Kí a tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, kí púlọ́ọ̀gì ti jáde lára ògiri.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ nu ẹnu ìbọn lẹ́yìn iṣẹ́ ojoojúmọ́. Gọ́ọ̀mù tí ó bá gbẹ mọ́ ọn, ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha á, kì í ṣe ọ̀bẹ. Bí ẹ bá rí ojú dúdú, iná ti ta níbẹ̀ nìyẹn. Èédú yẹn ń gbé iná, bí a kò bá sì mú un kúrò, iná yóò tún ta níbẹ̀.

Èkejì, ẹ yẹ okùn wáyà wò láti orí dé ìdí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe ká a pọ̀ há, ẹ má ṣe gbé tábìlì lé e, kí ọkọ̀ má sì gùn ún. Bí ara rẹ̀ bá là níbikíbi, iṣẹ́ tán títí a ó fi rí òmíràn.

Ẹ̀kẹta, fáànù àti ihò afẹ́fẹ́. Èérún igi ni ọ̀tá ẹ̀rọ yìí. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku fà á kúrò lójú ihò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì bo àpótí nígbà tí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ la pákó tàbí tí ẹ bá ń fi sáńpépà ha igi.

Ẹ̀kẹrin, okùnfà. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ó bá há, ẹ má ṣe fi í ṣiṣẹ́ kankan.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ irú igi, irú gọ́ọ̀mù, ìwọ̀n omi àti iye ìṣẹ́jú àáyá sínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ tí ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tẹ́lẹ̀ bá wá ń gba mẹ́wàá, agbára ẹ̀rọ ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi pípẹ́ tẹ okùnfà bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Níbí ni mo ti ń bẹ àwọn tí wọ́n ti tún rédíò ṣe rí nílé. Ẹ má ṣe ṣí àpótí yìí. Agbára tí ó wà nínú rẹ̀, pàápàá nínú àwọn ti àtijọ́ tí ń lo gílóòbù, lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ó lè pa ènìyàn nígbà tí ẹ rò pé ó ti kú.

Nígbà tí ìjì bá ń bọ̀, ẹ yọ ọ́ lára ògiri, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2024, ìjì Beryl mú iná lọ lọ́wọ́ ohun tí ó ju mílíọ̀nù 2 oníbàárà lọ ní àgbègbè wa. Iná tí ó bá lọ báyìí lè padà pẹ̀lú ipá tí ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ̀rọ tí omi bá sì ti wọ̀, ẹ má ṣe fi dán iná wò.

TA NI Ó JÓKÒÓ NÍTÒSÍ?

Ọ̀rọ̀ ẹbí tí mo ní kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti dé wàyí. Ní oṣù kejìlá 1979, àjọ NIOSH àti àjọ OSHA, tí wọ́n ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, jọ gbé ìwé ìkìlọ̀ jáde lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì rédíò mú nǹkan gbóná. Kókó rẹ̀ kò le: ohun tí ń mú omi inú gọ́ọ̀mù gbóná lè mú omi inú ẹran ara gbóná pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ẹnu ìbọn nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lè jóná nínú ẹran ju bí ó ti hàn lójú awọ lọ. Ojú egbò lè kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ gbé ẹni náà lọ rí dókítà síbẹ̀síbẹ̀.

Agbára ìgbì náà ń dín kù bí a bá ti ń jìnnà sí i. Nítorí náà, kí ọmọdé àti aboyún má ṣe dúró nítòsí. Àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù lọ ni ẹni tí dókítà ti fi pacemaker sí àyà rẹ̀, èyí tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù déédéé. Ìgbì tí ó lágbára lè da irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láàmú. Ẹ sì wo ìdílé wa: àwọn àgbà wọ̀nyí gan-an ni wọ́n máa ń wá láti ilé wá bá wa gbé, gáréèjì ni wọ́n sì fẹ́ràn láti jókòó sí, níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí, tí wọ́n ń rí ẹni tí ń kọjá.

Ilé kan wà tí wọ́n ti pè mí sí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ti fi pacemaker sí i láyà. Ní alaalẹ́ ni ó ń gbé àga rẹ̀ ti tábìlì ọmọ rẹ̀ nínú gáréèjì, nítorí wákàtí yẹn nìkan ni ó ń fojú kan ọmọ náà lóòjọ́. Ìyàwó ilé ka ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ gbọ́ ọ sódì. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ lé bàbá mi nílé ni?” Ìyàwó dáhùn pé, “Bàbá tèmi náà ni wọ́n. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú sọ́wọ́ wa ni.” Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ gidi, bàbá sì rò pé òun ni òun ṣẹ̀ wọ́n.

Kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a pe ọ́fíìsì dókítà ọkàn. Wọ́n ní kí bàbá má ṣe sún mọ́ ẹ̀rọ náà nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bi ọkọ léèrè pé: nínú wákàtí mẹ́ta tí o fi ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣiṣẹ́? Ó ṣírò, ó ní kò ju mẹ́wàá lọ. Ìyókù, pákó ni ó ń fá, sáńpépà ni ó fi ń ha igi, ó ń wọn nǹkan. Ìdáhùn ti jáde. Wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ jọ sí ìgbà tí bàbá bá ń gbọ́ ìròyìn nínú pálọ̀. Bí ó bá parí, a ó yọ púlọ́ọ̀gì, a ó fi okùn rẹ̀ kọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Bí okùn bá ti wà lára ògiri, àga bàbá lè jáde. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó dọ̀bálẹ̀ ṣàlàyé fún bàbá; kò rán ìyàwó, kò rán ọmọ. Bàbá ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ohun tí ẹ ń bá ara yín jà lé lórí náà rèé?”

Mo sọ èyí kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni a ń gbé kalẹ̀. Ètò ilé ni a ń gbé kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ń gbé inú ilé, àti àlejò tí ń bọ̀ láti ilé, bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyà wọn. Ẹ má ṣe tijú. Àgbà mìíràn kì í sọ àìsàn rẹ̀ títí a ó fi bi í.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ FI RÁNṢẸ́ SÍLÉ

Àwọn kan ti ń ronú láti fi ẹ̀rọ yìí sínú kọ̀ntẹ́nà fún àbúrò tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Èkó. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n iná ilé jẹ́ 230 fóòtì àti 50 Hz, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì àti 60 Hz. Tíráńsífọ́mà tí a ń rà lọ́jà lè sọ 230 di 120; kò lè sọ 50 di 60. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún 60 nìkan lè máa gbóná kọjá ààlà lórí 50 títí yóò fi jó. Ẹ wo àwo ẹ̀yìn rẹ̀: bí wọ́n bá kọ 50/60, ìrètí wà. Ẹ tún ro ti jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àti ti ẹni tí yóò rí àpòjù ohun èlò fún un bí ó bá bàjẹ́. Kíláǹpù mẹ́wàá tí ó dára lè ṣe àbúrò yín láǹfààní ju ẹ̀rọ kan tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ní alẹ́ òní, kí bàbá àti ìyá ilé jọ dé gáréèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n wo ibi tí wáyà gbà, ibi tí fìrísà wà, àti ibi tí àga àwọn àgbà wà. Kí wọ́n pinnu papọ̀ wákàtí tí ẹ̀rọ yóò máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa da omi ìlera wa nù. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní pa wá lára, àwọn òbí wa yóò jẹun ọmọ pẹ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀.